Ṣílè Kan Láàrin Ilẹ̀ Mẹ́rin: Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Owó Àjùmọ̀ná, 1912–1969

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́. Nígbà tí owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì gba ipò rẹ̀, ẹgbàá (2,000) di sísì, ọ̀kẹ́ kan (20,000) sì di ṣílè márùn-ún. Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà lè máa ná owó kan náà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé owó yìí la ọ̀nà fún oníṣòwò, ṣùgbọ́n kò fi àṣẹ lórí owó sílẹ̀ fún àwọn tí ń ná an.

Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn ìlú tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà fi òwò ṣe àtìpó ní Gold Coast, pàápàá ní Tàmálè àti agbègbè rẹ̀. Ṣílè tí wọ́n rí níbẹ̀ kò ní ohun í fi ṣíṣẹ́ ṣe. Bí ó ti wà ni wọ́n ṣe ń mú un bọ̀ wálé láti fi kọ́lé.

Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe báńkì, kì í yáni lówó. Àfi bí ẹnìkan bá san páùn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tó ń fi iye kan náà ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Nítorí náà, nígbà tí iye kòkó àti ekùrọ́ wálẹ̀ lẹ́yìn 1929, owó wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó láṣẹ ní Nàìjíríà láti fi kún un. Ní oṣù kẹsàn-án 1949 ẹ̀wẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì dín iye páùn rẹ̀ kù láti dọ́là 4.03 sí 2.80, owó ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá a wálẹ̀.

Gánà gbé owó tirẹ̀ jáde ní 1958, Nàìjíríà ní 1959. Àṣẹ padà wálé, ṣùgbọ́n ọ̀nà há. Gánà ṣe òfin lórí kíkó owó jáde ní 1961, sídì sì dé ní 1965. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ padà wálé. Sídì ọwọ́ wọn kò ṣe é ná lọ́jà ilé bí ṣílè ti ṣe é ná.

Ní 2021, ECOWAS fi 2027 ṣe àfojúsùn fún owó àjùmọ̀ná tuntun, Eco. Ìtàn ṣílè fi hàn pé kò tó kí oníṣòwò béèrè ibi tí owó náà yóò ná dé. Ó yẹ kí ará ìlú náà béèrè ẹni tí yóò máa pinnu iye rẹ̀.