Òpin ọ̀sẹ̀ létí òkun: ilẹ̀kùn mẹ́ta tí àwọn obìnrin Júù ní láti ṣí

1/
Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn kan fún yín. Ìtàn ọ̀rẹ́ méjì, etí òkun àti òpin ọ̀sẹ̀ kan ni. Ó máa kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ fàájì lásán, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀. 🧵

2/
Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀sán Fúráìdè ni, ní New Jersey, lÁmẹ́ríkà. Obìnrin Júù méjì tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn ju báàgì sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n kọrí sí etí òkun. Retreat àwọn obìnrin ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń kánjú, torí oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ bá wọn lójú ọ̀nà. Tí oòrùn bá ti wọ̀, Sábáàtì ti dé nìyẹn, ẹni tó bá sì ń pa á mọ́ dáadáa kì í wa mọ́tò, kì í tẹ fóònù.

3/
Tí o bá ti tẹ̀lé màmá ẹ lọ sí retreat ṣọ́ọ̀ṣì rí, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàjèjì sí ẹ. Lálẹ́ Fúráìdè, wọ́n á tan àbẹ́là, ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 18 kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n á súre sórí wáìnì, wọ́n á súre sórí búrẹ́dì tí wọ́n dì bí ẹni dirun, tó ń jẹ́ challah. Tó bá di Sátidé, wọ́n á ka ìwé mímọ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á rìn lórí iyanrìn. Tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ lálẹ́, wọ́n á tan àbẹ́là kan tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra, wọ́n á gbóòórùn èròjà olóòórùn dídùn, wọ́n á sì dágbére fún Sábáàtì.

4/
Kí ló dé tó jẹ́ etí òkun? Ìdí méjì. Òfin Júù gbà pé òkun fúnra ẹ̀ jẹ́ mikveh, ìyẹn omi ìwẹ̀nùmọ́. Èkejì: ẹ rántí Míríámù nínú ìwé Ẹ́kísódù. Létí Òkun Pupa ló ti gbé ìlù, tí gbogbo àwọn obìnrin sì jó tẹ̀lé e. Kí obìnrin kó ara wọn jọ létí omi kì í ṣe àṣà àná.

5/
Àmọ́ kí ọ̀rẹ́ méjì yìí tó lè tẹ́ aṣọ sórí iyanrìn, ilẹ̀kùn mẹ́ta ló kọ́kọ́ ní láti ṣí: ilẹ̀kùn etí òkun, ilẹ̀kùn òpin ọ̀sẹ̀, àti ilẹ̀kùn inú ilé tiwọn gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

6/
ILẸ̀KÙN KÌÍNÍ: ETÍ ÒKUN
Lọ́dún 1877, Joseph Seligman, Júù olówó, onílé ìfowópamọ́, tó bá ìjọba Lincoln wá owó nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, lọ síbi ìsinmi ní Saratoga, New York. Ilé ìtura Grand Union ni. Wọ́n ní àwọn ò gba Júù mọ́. Henry Hilton ló wà nídìí àṣẹ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ìwé ìròyìn kan. Ẹ wò ó: tí wọ́n bá lè ti ilẹ̀kùn mọ́ irú Seligman, kí ni wọ́n máa ṣe fún aránṣọ?

7/
Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 1879, ó di ti etí òkun gan-an. Austin Corbin ló ni iṣẹ́ Manhattan Beach ní Coney Island, òun náà ló ni rélùwéè tó ń gbé èèyàn lọ síbẹ̀. Ó sọ fún oníwèé ìròyìn, láì fi bò, pé òun ò fẹ́ Júù létí òkun òun. "Òkun òun" o! Omi tí bàbá ẹnikẹ́ni ò gbẹ́. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ti Corbin ni pé etí òkun ò tó èèyàn jókòó sí.

8/
Ní Miami Beach, ní Florida, inú ìwé ilẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: ẹ má tà á fún Júù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsàlẹ̀ Fifth Street nìkan ni Júù ti lè rí ilé gbé. Àwọn ilé ìtura gbé pátákó síta pé ẹni tí kì í ṣe Júù nìkan làwọn ń gbà.

Ti àwọn aláwọ̀ dúdú tún wá burú jù ú lọ. Wọ́n lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ilé ìtura, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ omi tó wà níwájú ẹ̀. Ní May 1945, àwọn kan nínú wọn mọ̀ọ́mọ̀ wọ omi ní Haulover Beach, wọ́n ní kí ọlọ́pàá wá mú àwọn. Ní August ọdún yẹn, ìjọba ṣí Virginia Key Beach fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀ débẹ̀, kò tíì sí afárá.

9/
Ní 1948, ilé ẹjọ́ tó ga jù lÁmẹ́ríkà sọ pé kóòtù kankan ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni fipá mú irú àdéhùn ilẹ̀ yẹn ṣẹ mọ́ nítorí àwọ̀ ẹni. Ní 1949, Florida ṣòfin tó kan àwọn ilé ìtura. Ní 1964, òfin gbogbo Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ilé ìtura ò gbọdọ̀ lé èèyàn nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn.

Ẹ sì gbọ́ èyí: sínágọ́gù tí wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ Fifth Street ní Miami Beach ṣì wà níbẹ̀. Ilé àkójọ ìtàn àwọn Júù ní Florida ló jẹ́ báyìí. Manhattan Beach ti Corbin ńkọ́? Júù ló pọ̀ níbẹ̀ lónìí. 😌

10/
ILẸ̀KÙN KEJÌ: ÒPIN Ọ̀SẸ̀
Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ méjì ìsinmi yìí ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni? Rárá o. Ní New York, ní nǹkan bí 1900, ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọbìnrin Júù tó ń ránṣọ ní fáktírì fi ń ṣiṣẹ́, Sátidé sì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pa Sábáàtì mọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kó wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè dípò ẹ̀ ńkọ́? Òfin ò fẹ́ kí fáktírì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

11/
Ní November 1909, ọmọ ọdún 23 kan tó ń jẹ́ Clara Lemlich dìde níbi ìpàdé ní Cooper Union. Àwọn ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti sú u. Ó sọ̀rọ̀ ní Yiddish, èdè ilé wọn, pé kí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn aránṣọ tó lé ní 20,000 ló jáde. Ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, Júù ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ọmọbìnrin náà.

Ọ̀pọ̀ fáktírì gbà láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣàdéhùn. Triangle ò gbà.

12/
25 March 1911. Iná sọ ní fáktírì Triangle, níbi tí wọ́n ti ń rán búláòsì. Ní àjà kẹsàn-án, wọ́n ti ilẹ̀kùn kan pa. Ilẹ̀kùn gidi ni mò ń sọ báyìí o, kì í ṣe àfiwé. Àwọn ọmọbìnrin ń bẹ́ láti ojú fèrèsé. Èèyàn 146 ló kú, 123 nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọbìnrin. Júù àti ará Ítálì ló pọ̀ jù.

Ọjọ́ wo ni? Sátidé. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́. Sábáàtì ò tíì parí.

13/
Mo dúró díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi wọn jẹ́ tiwọn ni, àwọn ọmọ Júù inú wọn ì bá wà nílé.

14/
Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Kí wá loògùn iṣẹ́? Ìsinmi ni.
Ní 1908, fáktírì òwú kan ní New England fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè pọ̀, kí àwọn Júù lè ráyè pa Sábáàtì mọ́. Ní 1926, Henry Ford náà gba ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ford yìí kan náà ló ní ìwé ìròyìn tó fi ń bú Júù o. Ayé yìí! Ní 1938 ìjọba wá sọ ọ́ dòfin, tó fi jẹ́ pé nígbà tó fi di 1940, wákàtí 40 ni ọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá lo èèyàn jù bẹ́ẹ̀, á san àfikún owó.

15/
ILẸ̀KÙN KẸTA: INÚ ILÉ TIWỌN
Eléyìí, àwọn ará ìta kọ́ ló tì í. Ní 1893, àwọn ẹlẹ́sìn àgbáyé fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá ní Chicago. Wọ́n pe Hannah Solomon kó kó àwọn obìnrin Júù jọ. Ó kó wọn jọ tán, ó wá rí i pé iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin Júù yà sọ́tọ̀ fún wọn ò ju kí wọ́n máa gbàlejò lọ. Wọ́n fi ètò àwọn ọkùnrin sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ṣe ìpàdé tiwọn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ obìnrin Júù sílẹ̀ fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ náà wà títí dòní: National Council of Jewish Women.

16/
Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù rèé. Ní 1915, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn iná Triangle, ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ búláòsì, Local 25, yá ilé kan lórí òkè Catskills kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè rí ibi sinmi. Wọ́n pè é ní Unity House. Ní 1919 wọ́n ra ibi tiwọn ní Pennsylvania, tòun ti adágún omi ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó jẹ́ pé máṣíìnì ni wọ́n ń jókòó tì láàárọ̀ dalẹ́ ń wọ rélùwéè pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n ń kọrin. Owó wọn ni. Ilé wọn ni. Kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n jáde.

17/
Nínú sínágọ́gù náà, ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ní March 1922, Judith Kaplan, ọmọ ọdún 12, di ọmọbìnrin àkọ́kọ́ lÁmẹ́ríkà tí wọ́n ṣe bat mitzvah fún ní gbangba. Ní 1972, Sally Priesand di obìnrin àkọ́kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rábì ní Amẹ́ríkà fi joyè rábì. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ retreat létí òkun, obìnrin ló ń ka Tórà, obìnrin ló ń ṣàlàyé ẹ̀.

18/
Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa méjì. Alẹ́ Sátidé ni, ìràwọ̀ mẹ́ta ti yọ. Wọ́n ti àbẹ́là bọ inú wáìnì, ó kú ṣíì. Ọ̀kan ń gbọn iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀, èkejì ń rẹ́rìn-ín. Tí o bá rí fọ́tò wọn lórí Instagram, o lè sọ pé "àwọn wọ̀nyí ń jayé." Òótọ́ ni, wọ́n ń jayé. Àmọ́ ayé yẹn, àwọn kan ló jà kí ó tó kàn wọ́n.

19/
Ó tán o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tí ẹ ti ń sọ fún láti ọdún tó kọjá pé "a máa lọ síbì kan." Ẹ tètè lọ.