Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Lórí Ilẹ̀ Pupa

Nígbà tí oyún pé oṣù méje, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Wọ́n ní àwọn fẹ́ di ẹrù ránṣẹ́ sílé, kí a tètè sọ irú kẹ̀kẹ́ ọmọ tí a fẹ́ kí àwọn fi sí i. Àwòrán mẹ́rin tẹ̀ lé ohùn náà. Ọ̀kan tóbi bí àga oyè. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ká bí agbòjò. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, táyà rẹ̀ tóbi. Ìkẹrin ṣeé yọ lórí, kí orí náà di ibùsùn. Inú wa dùn, a gbé fóònù fún Màmá kí àwọn náà wò ó. Màmá wo gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ó dára o. Ṣùgbọ́n ibo lẹ ti fẹ́ tì í?"

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di alẹ́, ẹ̀rín náà tán, ìbéèrè yẹn ò tán.

Òkìtìpupa la wà. Ẹni tó bá gbọ́ èdè á ti rí ìdáhùn nínú orúkọ yẹn: òkìtì tó pupa. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, eruku pupa á kun ògiri. Tí òjò bá dé, ẹrẹ̀ á bọ́ bàtà mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sì mọ òjò dáadáa. Láti ẹnu ọ̀nà wa dé títì ọlọ́dà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Gọ́tà méjì ló wà láàárín, orí pákó la ń gbà kọjá wọn. Tí a bá dé títì tán, ọ̀kadà ló kàn. Ṣé ojú ọ̀nà yìí ni kẹ̀kẹ́ London fẹ́ wá rìn?

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn kẹ̀kẹ́ ọmọ, torí a fẹ́ mọ irú èèyàn tí wọ́n ṣe é fún ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ọgbà olówó ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1733, William Kent, ẹni tó ń ya àwòrán ilé àti ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan fún àwọn ọmọ Duke ti Devonshire. Ewúrẹ́ tàbí ẹṣin kékeré ló yẹ kó máa fà á. Kì í ṣe pé ìyá wọn ń wá bí yóò ṣe gbé ọmọ dé ọjà. Ohun ìṣeré ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó di ohun tí àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ tì káàkiri ìgboro. Ní 1877, William Wilson dá ilé-iṣẹ́ Silver Cross sílẹ̀ ní Leeds, kẹ̀kẹ́ ọmọ sì di ohun tí ìdílé tó rí jájẹ fi ń ṣe fáàrí. Ní 1889, William H. Richardson, aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba lórí kẹ̀kẹ́ tí ibùsùn rẹ̀ ṣeé yí padà, kí ọmọ lè máa wo ojú ẹni tó ń tì í. Ohun tí ìyá kankan ò ní láti kọ́ ní ilé ìwé ni ọ̀gbẹ́ni yìí rò: ọmọ fẹ́ máa rí ẹni tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Owen Maclaren dé. Ẹnjinníà ni, ó ti ṣiṣẹ́ rí lórí ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ òfúrufú Spitfire fi ń balẹ̀. Ó rí i bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe ń jìyà lórí kẹ̀kẹ́ tó wúwo nígbà tó bá ń rin ìrìn-àjò pẹ̀lú ọmọ. Ní 1965, ó fi irin aluminium ṣe èyí tí kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 3 lọ, tó sì ń ká bí agbòjò. Ní 1984, Phil Baechler, akọ̀ròyìn kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, fẹ́ máa gbé ọmọ rẹ̀ sáré, ló bá ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta olóríta táyà ńlá.

Ẹ ò rí i pé gbogbo wọn ló ní ohun kan tí wọn ò tiẹ̀ dárúkọ? Ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ọmọ gbilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ òkúta sí ojú títì. Ní 1902 ni Edgar Purnell Hooley, ọmọ ilẹ̀ Wales, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí tarmac, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Táyà kékeré kò lè dá nǹkan ṣe. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Bítúmẹ̀nì ń sun jáde fúnra rẹ̀ ní Àgbábù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó tó bá wa pààlà. Kì í ṣe àná ni wọ́n mọ̀. Láti 1908 ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè ọ̀sà apá ìlà-oòrùn Èkó, tí wọ́n ń wá epo àti bítúmẹ̀nì. Bergheim kú ní 1912. Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ ní 1914, iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí ì bá mú kí kẹ̀kẹ́ ọmọ yí geere dé ẹnu ọ̀nà wa ṣì ń sun láàárín koríko, àwa sì ń gba orí pákó kọjá gọ́tà.

Àmọ́ o, àwọn ìyá wa ò dúró de títì kí wọ́n tó bímọ. Wọ́n ní ohun ìgbọ́mọ tiwọn, ẹ̀yìn ni, pẹ̀lú ìró àti ọ̀já. Ìyá á tẹ̀ síwájú, á gbé ọmọ sẹ́yìn, á fi ìró bò ó, á fún un, á wá gba ọ̀já mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ó lè gbé apẹ̀rẹ̀ èkùrọ́ rù, ó lè yan púpùrù, ó lè wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ẹsẹ̀ ọmọ là gbàgàdà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn dókítà egungun sì ń sọ lónìí pé bí ẹsẹ̀ ṣe là báyẹn dára fún oríkèé ìbàdí ọmọ ọwọ́. Ìdí rèé tí a fi ń ṣàdúrà níbi ìgbéyàwó pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mọ ẹní. Wọ́n ò ṣàdúrà kẹ̀kẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà náà ló ní ọmọ tí a pọ̀n ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọ̀nà lè jìn, ó lè pupa, ó lè kún fún ẹrẹ̀, ọmọ ò mọ ìkankan nínú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó kan rí i, wọ́n sì mọyì rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ann Moore ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Peace Corps ní Togo. Ó rí bí ara ọmọ ṣe ń balẹ̀ lẹ́yìn ìyá wọn. Nígbà tó padà sílé tí òun náà bímọ, ó gbìyànjú láti pọn ọmọ, ọmọ ń yọ́ bọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ wá rán àpò ìpọnmọ kan. Ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1969, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ni Snugli. Ohun tí àwọn ìyá Togo ń fi aṣọ ara wọn ṣe di ọjà ní Amẹ́ríkà.

Tí ìtàn bá parí síbẹ̀, à bá sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n fi owó kẹ̀kẹ́ ra wàrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan kọ́ ló ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀yìn mélòó ló wà nílé? Ìyẹn ni ìbéèrè kejì.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti àárín àwọn ọdún 1950 wọ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru. Títì ọlọ́dà wà. Kẹ̀kẹ́ ọmọ wà. Ìyá àgbà ò sí ńbẹ̀, àbúrò ìyàwó ò sí ńbẹ̀, alábàágbé tó lè ní "gbé e wá kí n bá ẹ pọ̀n ọ́n" ò sí ńbẹ̀. Wọ́n ń polówó ọmọ wọn nínú ìwé ìròyìn bíi Nursery World, wọ́n ń wá ìdílé aláwọ̀ funfun tí yóò bá wọn tọ́ ọ, wọ́n sì ń sanwó. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní London ní 1967, jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Tilbury ló dàgbà sí, ó sì fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. Ìyà tó wà nínú fíìmù yẹn ò kéré. Àwọn òbí wọ̀nyẹn ò ya òǹrorò. Ọ̀nà ni wọ́n ní, ẹ̀yìn ni wọn ò ní.

Àwa ńkọ́? Àwọn ìyá àgbà wa ní ẹ̀yìn, wọn ò ní ọ̀nà. Ní ìgbà tiwa yìí, ẹ̀yìn ti ń dín kù, ọ̀nà ò sì tíì dé. Àbúrò kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n wà ní London. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ni, èkejì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá nìkan ló kù, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Tí wọ́n bá pọn ọmọ fún wákàtí kan, wọn á fi ìyókù ọjọ́ máa ra orúnkún. Wọn ò ní sọ fún wa. Àwa ló ń rí wọn.

Ìdí tí a fi yan kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Bí a ṣe yàn án rèé, bóyá yóò wúlò fún ẹ̀yin náà.

Èyí tó ń ká bí agbòjò fúyẹ́, ó ṣeé gbé lórí ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ kéré, iyanrìn á gbé e mì. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ò sì ṣeé tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò tíì lè jókòó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Èyí tó tóbi bí àga oyè dára fún ẹni tó ní mọ́tò àti ilé tó gbòòrò. Tiwa ò gbòòrò. Èyí tó ń di ibùsùn dára fún ọmọ tuntun, àmọ́ táyà rẹ̀ jẹ́ ti ilé ìtajà olójú dígí. Ó wá ku ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣeé tẹ́ sílẹ̀, táyà rẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́. Tó bá jò, fọkanáísà tó wà ní oríta wa mọ bí yóò ṣe lẹ̀ ẹ́. Ó wúwo díẹ̀, a mọ̀.

Tòkunbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ rà, a wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó: ṣé bíréèkì ń mú, ṣé bẹ́líìtì ń gba èjìká àti ìbàdí ọmọ, ṣé ibi tó ti ń ká ò lè gé ọmọ níka. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ní 2009, wọ́n pe nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kẹ̀kẹ́ Maclaren padà ní Amẹ́ríkà, torí ibi tó ti ń ká ti gé àwọn ọmọ kan níka. Irú àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ báyẹn lè bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé. A tún fi òfin méjì lẹ̀ mọ́ ara ògiri: a ò gbọdọ̀ fi báàgì ọjà kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kó má baà dojú dé. A ò sì gbọdọ̀ fi aṣọ nípọn bò ó nínú oòrùn, nítorí ooru. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn la ó fi bò ó.

Ọmọ dé. Kẹ̀kẹ́ náà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní Sunday tí a fẹ́ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ti rọ̀ mọ́jú. A ti kẹ̀kẹ́ jáde, àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé wa. A dé gọ́tà àkọ́kọ́, pákó ti yẹ̀. Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti gba ọ̀já mọ́ ìdí láti ilé, bí ẹni tó mọ̀. Wọ́n gbé ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n gba orí pákó kọjá. Àwa méjèèjì gbé kẹ̀kẹ́ lórí, ẹrẹ̀ ń kán sí wa láṣọ. Gọ́tà kejì, bákan náà.

A dé títì. Màmá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n di orúnkún mú, wọ́n sọ ọmọ kalẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n wá gba ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wa.

"Ẹ kúrò níbẹ̀," wọ́n ní, "títì la dé yìí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà tì í."