Fernando Po: Kòkó àti Àwọn Tó Lágùn Lé E Lórí

Púpọ̀ nínú wa ló mọ̀ pé kòkó ló kọ́ ilé àwọn bàbá wa. Àwọn tó mọ erékùṣù Fernando Po, èyí tí à ń pè ní Bioko lónìí ní ilẹ̀ Equatorial Guinea, kò pọ̀. Ibẹ̀ sì ni Tetteh Quarshie ti mú èso kòkó lọ sí Gold Coast ní 1879.

Àwọn Potogí ló fi erékùṣù náà lé Sípéènì lọ́wọ́ ní 1778, ṣùgbọ́n Sípéènì kò tètè jókòó síbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ Port Clarence dó ní 1827, kí ọkọ̀ ogun wọn lè máa ká àwọn olówò ẹrú mọ́ ojú òkun. Ibẹ̀ náà ni Beecroft, aṣojú ìjọba wọn, fi ṣe ibùjókòó, òun tó wá yìnbọn lu Èkó ní 1851 tí wọ́n fi lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Erékùṣù yìí kì í ṣe àjòjì sí wa.

Nígbà tí Sípéènì fọwọ́ mú un tán, kòkó ni wọ́n gbájú mọ́. Ilẹ̀ dára, òjò ń rọ̀. Ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ni kò sí. Àwọn Bubi tó ni ilẹ̀ kò fẹ́ ṣe oko olóko, àrùn sì ti dín wọn kù. Làìbéríà ni wọ́n ti ń kó ènìyàn, títí ìgbìmọ̀ ìwádìí League of Nations fi sọ ní 1930 pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òwò ẹrú. Ààrẹ King fi ipò sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Ojú wá yí sí Nàìjíríà. Kí àdéhùn 1942 tó sọ ọ́ di òfin, àwọn kan ti ń fi ọkọ̀ kó ènìyàn lọ lóru. (Ọmọ ilẹ̀ wa ni púpọ̀ nínú àwọn agbódegbà wọ̀nyí, kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó.) Ìgbò, Ìbìbíò àti Ẹ́fíìkì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ. “Panya” ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kí ọdún 1970 tó dé, wọ́n ti pọ̀ ju onílẹ̀ lọ.

Òmìnira dé ní ọjọ́ 12, oṣù kẹwàá, 1968. Kòkó tó ń jáde lọ́dọọdún nígbà náà lé ní 30,000 tọ́ọ̀nù. Lábẹ́ Macías Nguema, owó iṣẹ́ di àwátì, lílù di ojoojúmọ́. Ìjọba Nàìjíríà kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wálé láàárín 1975 sí 1976. Macías fi túláàsì kó àwọn ará Río Muni wá dípò wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí Obiang gbàjọba ní 1979, igbó ti bo oko. Lójú tiwa, ilẹ̀ kọ́ ló kọ̀ wọ́n. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni wọ́n lé lọ.

Ní 1995 wọ́n rí epo rọ̀bì ní Zafiro. Epo kò béèrè ọ̀pọ̀ ọwọ́ bíi kòkó. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ni owó rẹ̀ sì kó sí lápò.