Odò Platte àti Ọ̀nà Márosẹ̀ I-80 ní Ìpínlẹ̀ Nebraska

Ó ti di àṣà láàárín àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa ọ̀nà ní Amẹ́ríkà láti sọ pé odò Platte ni ó la ọ̀nà gba Nebraska kọjá. Èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé àyè kan. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀ náà. 'Omi tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ' ni ìtumọ̀ Nebraska nínú èdè àwọn Otoe, orúkọ tí àwọn Faransé sì sọ odò náà kò jìnnà sí èyí. Àwọn Pawnee ti ń gbé àfonífojì rẹ̀ kí a tó kó wọn lọ sí ilẹ̀ tí ó di Oklahoma lónìí ní àwọn ọdún 1870. Ẹ̀bá rẹ̀ ni àwọn tí ó ń ṣí lọ sí Oregon àti Utah gbà. Rélùwéè Union Pacific, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Omaha ní 1865, gba ibẹ̀. Lincoln Highway ti 1913, tí ó di US 30 lẹ́yìn náà, gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé I-80 kò tẹ̀ lé odò náà ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, àti pé ìpinnu ènìyàn ni ó fa èyí.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwòrán ilẹ̀. Láti Grand Island, odò náà yà sí àríwá lọ sí Columbus, ó kọjá lẹ́bàá Fremont, lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ́rí sí gúúsù títí dé ìtòsí Ashland. Ó tẹ̀ bí igi ọrun. Rélùwéè bá a tẹ̀, US 30 náà sì bá a tẹ̀. I-80 ní tirẹ̀ sọdá odò nítòsí Ashland, ó dorí kọ Lincoln, ó sì na tààrà bí ọṣán títí ó fi tún bá odò pàdé nítòsí Grand Island. Nǹkan bí máìlì 72 nínú rẹ̀ ni ó tọ́ gbọnrangandan. Kì í ṣe omi ni ó darí rẹ̀ gba ibẹ̀. Lincoln ti jẹ́ olú-ìlú láti 1867; ọ̀nà tí ó bá so ó mọ́ Omaha ti so ìlú méjì tí ó tóbi jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà pọ̀, ó sì tún ya kúrú.

Òfin 1956 tí Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí ni ó pèsè owó: ìjọba àpapọ̀ yóò san 90 nínú 100 dọ́là. (Eisenhower fúnra rẹ̀ ti bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ ológun gba Columbus kọjá ní 1919, lórí ọ̀nà àtijọ́.) Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ ibi tí ọ̀nà gbà le tó bẹ́ẹ̀ ni irú ọ̀nà tí òfin náà fẹ́. Lórí US 30, onísọ̀ lè ṣílẹ̀kùn rẹ̀ sí ojú títì. Lórí I-80, kìkì ibi tí ìjọba bá ṣí sílẹ̀ ni ọkọ̀ lè gbà wọlé tàbí jáde. Ìlú tí ọ̀nà bá fò dá, ó fò ó dá ni.

Ní ìwọ̀-oòrùn Grand Island, ọ̀nà náà padà sí àfonífojì, ṣùgbọ́n kò gba àárín ìlú. Ní North Platte àti Ogallala, ìlú àti rélùwéè wà ní àríwá odò South Platte, I-80 sì wà ní gúúsù rẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n wà láti fi gbé ọ̀nà ga ní àfonífojì yìí di ọ̀wọ́ adágún, nítorí omi kò jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn apẹja ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Nítòsí Big Springs, I-76 bá odò lọ sí Colorado, I-80 sì gba ọ̀nà Sidney. Ìtòsí Sidney ni wọ́n ti ṣí apá tí ó kẹ́yìn ní ọjọ́ 19 oṣù October, 1974, tí máìlì 455 fi pé, tí Nebraska sì ṣáájú gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù ní píparí ojúlówó ọ̀nà Interstate tirẹ̀.

Fremont àti Columbus kò sí lórí rẹ̀. Ní 1988 ni ìpínlẹ̀ náà tó gbé ètò kalẹ̀ láti fẹ àwọn ọ̀nà bíi US 30 láàárín wọn. Lẹ́yìn 30 ọdún, iṣẹ́ náà kò tíì parí.