Ta Ló Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ògògà?

Bí pianó àtijọ́ kò bá ní orúkọ lára, ẹni tó mọṣẹ́ yóò ṣí i, yóò wá nọ́ńbà inú rẹ̀. Igi tí Yorùbá gbẹ́ kò ní nọ́ńbà.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ síbi àfihàn ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kọ owó, àga ọba ni ó gbà dípò rẹ̀. (Ọba náà mọ iyì ohun tó ní!) Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Báwo la ṣe mọ̀? Ọwọ́ rẹ̀ hàn: ère rẹ̀ yọrí síta lára pákó gan-an. Ṣùgbọ́n lójú èmi onímọ̀ èdè, oríkì ni ẹ̀rí tó jinlẹ̀ jù. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, opó rẹ̀, Oluju-ifun, ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton III. Ó dárúkọ ibi tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà: ààfin Ògògà, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́.

Ẹ̀yin ará Ọ̀fàdà tí ère ìbejì ṣì wà nílé yín, ẹ tètè bi ìyá àgbà yín ní oríkì ẹni tó gbẹ́ ẹ.