Ìṣòro Wíwọn Agbára Alájọgbá fún Yíyan Ẹgbẹ́ Orílẹ̀-èdè: Àpẹẹrẹ Láti Inú Tẹníìsì Orí Tábìlì ní Nàìjíríà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ pé àwọn méjì kan tí wọ́n jọ ń ṣeré ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lágbára ju àwọn méjì mìíràn lọ, nígbà tí a bá ń yan ẹgbẹ́ tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ náà lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn eré ìdárayá ní ilẹ̀ Yorùbá yóò bá a pàdé láìpẹ́, nítorí pé orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ìtàn wa máa ń tọ́jú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú orúkọ ẹni méjì papọ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí Quadri Aruna ní 1988, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Fìdítì àti Ìlọrà rárá. Ọmọ tí ó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà ní Fìdítì lè sọ fún ènìyàn pé Aruna ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje ẹlẹ́nì-kan ní Olympics, ní Rio ní 2016. Bí a bá wá bi í pé ta ni ó ń bá Aruna gbá nínú ìdíje ẹlẹ́ni-méjì, yóò dákẹ́. Èmi náà dákẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

Èdè wa gan-an kò ràn wá lọ́wọ́ tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí Yorùbá bá ní ‘èmi àti Àkànní jọ ta ayò’, ohun tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ ni pé àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, tí ọ̀kan pa èkejì, tàbí tí wọ́n ta ọ̀mì. Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni wọ́n ń kó sí i, òǹtayò méjì ni wọ́n jókòó tì í. Kò sí ẹnìkejì tí yóò gba ẹnikẹ́ni lára wọn sílẹ̀, àfi àwọn òǹwòran tí ń pariwo lẹ́yìn wọn, ariwo wọn a sì máa ba ayò jẹ́ ju bí ó ti ń tún un ṣe lọ. Ọ̀ta tàbí òpè ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, ní orúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà a óò máa lo ‘alájọgbá’ níhìn-ín fún àwọn méjì tí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tàbí ‘alájọta’ bí ó bá jẹ́ eré káàdì. Àwọn tí wọ́n dojú kọ wọ́n ni a óò pè ní alátakò.

Nínú gbogbo eré tí a mọ̀, eré káàdì bridge ni àwọn ènìyàn ti ronú jinlẹ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ alájọta. Ẹni mẹ́rin ni ó ń jókòó yí tábìlì ká, méjì-méjì. Alájọta kò gbọdọ̀ rí káàdì ẹnìkejì rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ìpè tí òfin fi ọwọ́ sí nìkan ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Kí oríire má baà di agbára lójú òǹwòran, wọ́n a máa gbé káàdì kan náà lọ sí tábìlì méjì: àwọn méjì láti inú ẹgbẹ́ kan yóò ta á ní apá kan ní tábìlì àkọ́kọ́, àwọn méjì mìíràn láti inú ẹgbẹ́ kan náà yóò sì ta apá kejì rẹ̀ ní tábìlì kejì. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín èsì méjèèjì ni wọ́n ń kà. Ẹni tí káàdì burúkú bọ́ sí lọ́wọ́ kò ní àwáwí, nítorí pé ẹlòmíràn ti gba káàdì burúkú kan náà ní tábìlì kejì.

Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo èyí, àríyànjiyàn kò tán lórí bí ó ti yẹ kí a yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìdánwò ẹni méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe. Àwọn alájọta mẹ́ta tí wọ́n bá ṣe dáradára jù lọ ni wọ́n ń di ẹgbẹ́. Ọ̀nà yìí dára lójú, kò sì ní ojúsàájú nínú. Ṣùgbọ́n Ítálì, tí ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀, Carl’Alberto Perroux, máa ń fi ojú ara rẹ̀ yan ènìyàn, ni ó gba Bermuda Bowl, ife-ẹ̀yẹ àgbáyé bridge, ní ìgbà 10 láàárín 1957 àti 1969. Giorgio Belladonna àti Walter Avarelli jọ ta káàdì ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àsìkò náà. Pietro Forquet ní tirẹ̀ ti bá ẹlòmíràn ta kí ó tó wá dúró ti Benito Garozzo ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú àwọn ará Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan ní Dallas, Ira Corn, kó àwọn òṣèré jọ ní 1968, ó ń sanwó fún wọn kí wọ́n lè máa fi ojoojúmọ́ kọ́ ara wọn. Wọ́n gba ife náà ní 1970 àti 1971. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà Ítálì kò wá ní ọdún méjèèjì. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1972, ní ìdíje Olympiad ní Miami, wọ́n lu àwọn ará Dallas.

Ó ní ohun mìíràn tí bridge fi kọ́ wa, èyí tí ó kan òpìtàn gan-an. Ní 1965, ní Buenos Aires, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Terence Reese àti Boris Schapiro, alájọta méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ iye káàdì fún ara wọn. Àjọ bridge àgbáyé dá wọn lẹ́bi. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ó jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966 ní wọn kò jẹ̀bi. A kò ní í dá sí ẹjọ́ náà. Ohun tí ó wù wá níbẹ̀ ni pé mímọ inú ara ẹni, tí àwọn tí ń yan ẹgbẹ́ ń wá lójú méjèèjì, ni ohun kan náà tí àwọn olùfisùn gbé dìde. Èsì lórí ìwé nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní 2018, ní Gold Coast ní Ọsirélíà, ẹgbẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà dé àṣekágbá ìdíje ẹgbẹ́ nínú tẹníìsì orí tábìlì ní Ìdíje Commonwealth. Íńdíà fi 3–0 borí wọn. Sharath Kamal na Bọ́dé Abíọ́dún. Sathiyan Gnanasekaran na Ṣẹ́gun Tòríọlá, ẹni tí ó ti lọ sí Olympics méje láti 1992 títí dé 2016. Lẹ́yìn náà ni Sathiyan àti Harmeet Desai na Abíọ́dún àti Ọlájídé Ọmọ́táyọ̀ nínú ìpàdé ẹlẹ́ni-méjì tí ó parí ọ̀rọ̀. Ní 2022, ní Birmingham, orílẹ̀-èdè méjèèjì tún pàdé ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Ìpàdé ẹlẹ́ni-méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn mẹ́rin kan náà ni wọ́n jáde, Íńdíà tún borí níbẹ̀, 3–0 náà ni ó sì jẹ́ ní ìparí.

Ìdájọ́ tí ó yá ẹnu jù ni pé alájọgbá wa kò lágbára tó, àti pé ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ wọn láti 2018. A kò fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan náà ní Birmingham, Sharath na Aruna, Sathiyan sì na Ọmọ́táyọ̀, láìsí ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni. Nínú tẹníìsì orí tábìlì, kò sí tábìlì kejì tí a ti lè gbé ‘káàdì’ kan náà fún alájọgbá Nàìjíríà mìíràn kí a wo ohun tí wọn ì bá fi ṣe. Gbogbo ohun tí a ní lọ́wọ́ ni pé wọ́n pàdàánù lọ́dọ̀ àwọn tí ń na gbogbo ẹgbẹ́ wa. Ọmọ́táyọ̀ yìí kan náà ni ó gba wúrà ẹlẹ́nì-kan ní Ìdíje Áfíríkà ní Mòrókò ní 2019, Aruna ni ó sì nà ní àṣekágbá. Ó ti di akọni láàárín ìpàdé méjèèjì, èsì ẹlẹ́ni-méjì kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ yí padà.

Kí ló dé tí wọn kò fi Aruna sí i? Òfin ni. Nínú ètò tí wọ́n lò ní Birmingham, èyí tí Olympics náà ti ń lò láti ìdíje Tokyo, ẹni tí yóò gbá ẹlẹ́nì-kan ní ẹ̀ẹ̀mejì kò gbọdọ̀ gbá ẹlẹ́ni-méjì. Àwọn méjì yòókù ni wọ́n ni ín. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ní akọni kan ṣoṣo kò lè fi í sí ipò méjèèjì. Níbi tí a bá ti fi Aruna sí ẹlẹ́nì-kan, ọwọ́ ẹni kejì àti ẹni kẹta ni ìbẹ̀rẹ̀ ìjà bọ́ sí. Íńdíà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje ẹgbẹ́, Desai ni ó dúró ti Sathiyan, ṣùgbọ́n nínú ìdíje ẹlẹ́ni-méjì gan-an ní 2018 àti ní 2022, Sharath ni. Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni pé Paul Drinkhall àti Liam Pitchford ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n na Sharath àti Sathiyan ní àṣekágbá ẹlẹ́ni-méjì nígbà méjèèjì. Nígbà méjèèjì náà, Íńdíà ni ó gba wúrà ẹgbẹ́. Alájọgbá tí ó dára jù lọ nínú ìdíje náà kò lè gbà ju ìpàdé kan lọ nínú márùn-ún fún orílẹ̀-èdè wọn.

Ẹni tí ó bá ti ka ohun tí a sọ nípa Belladonna àti Avarelli lè rò pé pípẹ́ papọ̀ ni àṣírí gbogbo rẹ̀, bí ó ti rí pẹ̀lú Drinkhall àti Pitchford. Ṣùgbọ́n Xu Xin ti ilẹ̀ Ṣáínà ba ìmọ̀ràn náà jẹ́. Ó gba ife àgbáyé ẹlẹ́ni-méjì pẹ̀lú Ma Long ní 2011, pẹ̀lú Zhang Jike ní 2015, àti pẹ̀lú Fan Zhendong ní 2017. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Òfin tẹníìsì orí tábìlì ni pé àwọn alájọgbá gbọ́dọ̀ máa gbá bọ́ọ̀lù ní ìkọ̀ọ̀kan tẹ̀léra; ẹni tí ó bá gbá tirẹ̀ tán gbọ́dọ̀ yà kúrò lọ́nà fún ẹnìkejì. Ọlọ́wọ́ òsì àti ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì í fi bẹ́ẹ̀ kọlu ara wọn. Òfin yìí kan náà ni kò jẹ́ kí òpè lè sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀ta, bí ó ti lè ṣe é nínú bádímíntìn, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ti lè gbá a.

Bádímíntìn ní tirẹ̀ ti yanjú apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn méjì papọ̀ ni wọ́n ní ipò nínú ìwé àgbáyé. Bí ọ̀kan bá pààrọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ni àwọn méjì tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ méjì papọ̀ báyìí ni Àánúolúwapọ̀ Ọpẹ́yọrí àti Godwin Olofua fi wọ ìdíje Tokyo ní 2021. Òpìtàn tí ó bá ń wá wọn lẹ́yìnwá ọ̀la yóò rí wọn bí wọ́n ti jọ wà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún tẹníìsì orí tábìlì tiwa, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní í pẹ́ di kánjúkánjú. Olympics ní ìdíje ẹlẹ́ni-méjì ọkùnrin àti ti obìnrin láti 1988 títí dé 2004. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2008, wọ́n sì ti kéde ní 2025 pé yóò padà ní Los Angeles ní 2028. Àwọn tí yóò yan ẹgbẹ́ Nàìjíríà yóò wá ohun tí wọn yóò gbé ara lé. Láti 1968 ni ìdíje Aṣojú Ọba, tí olóògbé Olóyè Mọ́ládé Okoya-Thomas dá sílẹ̀ ní Èkó, ti wà. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé bébà yìí ni kí ẹnìkan jókòó ti àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn, kí ó ka ojú ewé eré ìdárayá láti ọdún náà wá, kí ó sì kọ orúkọ àwọn alájọgbá sílẹ̀ ní méjì-méjì: ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọdún tí wọ́n pínyà, àti àwọn tí wọ́n pàdé láàárín rẹ̀.