Ta Ni Ó Ni Àárín? Ìtàn Kóòdù Ìbẹ̀rẹ̀ NAND Nínú Linux

Kí ẹ̀rọ kan tó lè ka fáìlì kan ṣoṣo láti inú mẹ́mọ́rì flash rẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ bi ṣípù náà léèrè: ilé iṣẹ́ wo ló ṣe ọ́, báwo lo ṣe tóbi tó, ibo lára rẹ ló ti bàjẹ́ kí o tó kúrò níbẹ̀? Kóòdù tó ń bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí ni kóòdù ìbẹ̀rẹ̀ inú dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Linux lè lo ẹ̀rọ kan. Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kì í sì í pẹ́ tó fi ń parí, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sọ ìtàn ẹ̀rọ fi máa ń fò ó kọjá. Èmi kò gbà pé ó yẹ kí wọ́n fò ó. Ní 2006 ni wọ́n la kóòdù yìí sí méjì nínú Linux, ní 2018 ni wọ́n tún un dì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìmọ́tótó lásán ni wọ́n ń wá. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojúṣe: bí nǹkan bá dàrú ní àárín iṣẹ́, ọwọ́ ta ni a ó ti béèrè rẹ̀?

Ara ṣípù fúnra rẹ̀ ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Fujio Masuoka ti ilé iṣẹ́ Toshiba ní Jàpáàn ló dá flash sílẹ̀. Ó gbé irú NOR wá sí ìpàdé IEDM ní 1984, irú NAND sì tẹ̀lé e ní 1987. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Shoji Ariizumi, ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé bó ṣe ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà jọ mànàmáná iná kámẹ́rà. NAND kò wọ́n, ó sì ń gba ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Ojú ewé ojú ewé ni a ń kọ ọ́, búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù ni a ń pa á rẹ́, àwọn búlọ́ọ̀kù kan sì lè ti bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́ wá. Bíìtì rẹ̀ a máa yí padà fúnra wọn, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè lò ó láìsí ECC, ìyẹn ìṣirò tó ń wá àṣìṣe rí tó sì ń tún un ṣe. Àyè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni a ń fi èsì ìṣirò yìí pamọ́ sí. Ṣípù àtijọ́ ní ojú ewé báìtì 512 pẹ̀lú àyè báìtì 16. Àwọn tó tẹ̀lé wọn ní 2048 pẹ̀lú 64. Ẹni tí kò bá tíì mọ bí ojú ewé ṣe tóbi tó kò lè mọ ibi tí yóò fi ECC sí. Gbogbo ìtàn yìí dúró lórí gbólóhùn yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìpè kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀: nand_scan. Ó ń fi àṣẹ 0x90 ránṣẹ́ sí ṣípù, ṣípù a dá orúkọ rẹ̀ padà ní nọ́ńbà (0x98 ni ti Toshiba, 0xEC ni ti Samsung), kánẹ̀lì, ìyẹn ọkàn Linux, a wá a nínú àkójọ nand_ids.c, iṣẹ́ a sì tẹ̀síwájú. Nígbà tó di 2006, David Woodhouse ń kọ dráífà fún CAFÉ, kọ̀ntírólà tó ń darí mẹ́mọ́rì flash inú kọ̀ǹpútà XO tí ètò One Laptop Per Child ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé, irú èyí tí wọ́n dán wò ní iléèwé kan ní Galadima ní Àbújá ní 2007. Ọ̀nà tirẹ̀ ni CAFÉ ń gbà ṣe ECC, bí ojú ewé bá sì ṣe tóbi tó ni ìlànà tó máa lò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: àárín gbùngbùn kánẹ̀lì ló mọ ṣípù, dráífà ló mọ kọ̀ntírólà, kò sì sí èyí tó lè dá iṣẹ́ náà parí nínú wọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni Woodhouse la nand_scan sí méjì. Dráífà a pe nand_scan_ident kó lè mọ ṣípù, a ṣe ètò tirẹ̀, lẹ́yìn náà a pe nand_scan_tail kó parí iṣẹ́. Ọgbọ́n tó dára ni lásìkò rẹ̀, mi ò sì gbà pẹ̀lú ẹni tó ń pè é ní àṣìṣe.

Àárín ìpè méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Dráífà ló ni ibẹ̀, dráífà sì pọ̀. Oníkálukú ló ń ṣe tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ ká ní ident ti gba mẹ́mọ́rì láti fi tọ́jú ohun tí ṣípù sọ, tí ètò dráífà wá kùnà kí tail tó bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò dá mẹ́mọ́rì yẹn padà? Àárín gbùngbùn kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti dúró, dráífà náà kò sì mọ̀ pé wọ́n gba nǹkan kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni pé kí àárín gbùngbùn yẹra fún gbígba mẹ́mọ́rì ní ìpele ìdánimọ̀. Àwọn ṣípù tó bá ìlànà ONFI mu, tí ẹgbẹ́ tó gbé e kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2006 bákan náà, ń gbé ìwé àlàyé ara wọn kiri, ṣùgbọ́n àyè tí a ti wọ̀n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kánẹ̀lì ní láti há àlàyé ọ̀hún sí, ì báà jẹ́ pé ṣípù tó wà níbẹ̀ nílò rẹ̀, ì báà má nílò rẹ̀. Ohun tí pípín kóòdù sí méjì gbà lọ́wọ́ Linux nìyẹn, kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe kankan.

Ní 2018, Miquel Raynal àti Boris Brezillon yí ẹni tó ń pe ẹnìkejì padà. Wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn méjì, attach_chip àti detach_chip. Dráífà a pe nand_scan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí àárín gbùngbùn bá ti mọ ṣípù tán, òun ni yóò pe attach_chip kí dráífà wá ṣe tirẹ̀, bí dráífà bá sì kùnà, àárín gbùngbùn náà ni yóò tú gbogbo ohun tó ti dì. Wọ́n gbé àwọn dráífà náà wá sí ọ̀nà tuntun yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú Linux 4.19, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ident àti tail kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó dráífà mọ́. Gbàrà tí wọ́n parí ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba mẹ́mọ́rì fún àlàyé ONFI nígbà ìdánimọ̀, èyí tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò yẹ ní fífọwọ́ kàn, pàápàá dráífà àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò tan wọ́n dán wò. Àríyànjiyàn tó lágbára nìyí, mi ò ní fojú tín-ín-rín rẹ̀: ẹni tó bá ba dráífà jẹ́ lè má gbọ́ igbe ẹni tí ìbàjẹ́ náà ṣe ní jàǹbá. Àmọ́ gbígbé kóòdù láti ibì kan sí ibòmíràn láì yí ohun tó ń ṣe padà jẹ́ iṣẹ́ tí ojú lè tẹ̀ lé ní ìlà dé ìlà. Àwọn mìíràn yóò ní nígbà ìṣáájú, láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni èèyàn ń ka dráífà, nísinsìnyí ó ní láti fò láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Òótọ́ ni, owó tí a san nìyẹn. Mo fara mọ́ sísan án, nítorí pé òǹkàwé lè kọ́ bí a ṣe ń fò, ṣùgbọ́n mẹ́mọ́rì tí kò lẹ́ni tó ni ín kò lè dá ara rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ náà kò parí síbẹ̀. Ní 2020 wọ́n yọ nand_release kúrò, ìyẹn ìpè tó ń yọ ẹ̀rọ kúrò nínú àkọsílẹ̀ kánẹ̀lì kó tó tú ohun tí nand_scan dì, nítorí pé àwọn tó ń kọ dráífà máa ń ṣì í pè níbi tó yẹ kí wọ́n ti pe nand_cleanup, tó ń tú u nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ dráífà, ẹ ṣí fáìlì cafe_nand.c kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ẹ wo bó ṣe ń gba báìtì 2112, ìyẹn 2048 àti 64, nínú attach_chip, kí ẹ sì wo ibi tó ti ń dá wọn padà.